Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìbéèrè Yín Lórí Àwòrán àti Àmì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ayàwòrán. Nínú àpótí tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ ni mo ti rí ìwé pẹlẹbẹ kan, "Education for All in the Western Region" ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Àwòrán ènìyàn wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jọra bí ẹni pé òǹtẹ̀ ni wọ́n fi lù wọ́n. Ta ló yà á? Kí ló sì dé tí gbogbo wọn fi rí bákan náà? (Olùkọ́bìnrin kan, Òṣogbo)

Ìyá olùkọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé yẹn di ẹ̀pà o! Ìyá kan tó ń jẹ́ Marie Neurath ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Jámánì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìlú Vienna ní Austria ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Otto Neurath, tó padà wá di ọkọ rẹ̀. Ní 1925 ni Otto ṣí musíọ́mù kan níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti ère tàbí adé àtijọ́. Iye nǹkan ni wọ́n ń fi han ará ìlú níbẹ̀: ilé mélòó ni ìjọba kọ́, ọmọ mélòó ni a bí, mélòó ló kú. Òṣìṣẹ́ tó ti fi ojúmọ́ ṣe làálàá kò ráyè jókòó ti nọ́ńbà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ìwé. Otto wá gbé òfin kan kalẹ̀: bí nǹkan bá pọ̀ sí i, má ṣe ya àwòrán tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwòrán kan náà ni kí o tún yà, kí o yà á léraléra, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1954, ọmọ bíi 457,000 ló wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n di 811,000 ó lé. Bí ọmọ kan nínú àwòrán bá dúró fún 100,000, ọmọ mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò wà ní ìlà òkè, mẹ́jọ á wà nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B á kà á tán kí ẹ tó mu omi. Ká ní ọmọ kékeré kan àti ọmọ gbàǹgbà kan lẹ yà síbẹ̀ ni, àgbẹ̀ yẹn á bi yín bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló ń mú ọmọ sanra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra, kíkà la fẹ́ kà wọ́n.

Ti òǹtẹ̀ tí ẹ sọ, ojú yín dá ṣáṣá. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì ń bẹ̀rẹ̀, Gerd Arntz, ayàwòrán tó ń bá Otto ṣiṣẹ́, máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwọn àmì náà sára línólíọ̀mù, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé bí òǹtẹ̀ gan-an. Ogun abẹ́lé Austria ní 1934 ló lé wọn dé Netherlands; nígbà tí ọmọ ogun Hitler tún bá wọn débẹ̀ ní 1940, ọkọ̀ ojú omi ni Otto àti Marie bá sá lọ sí England. Otto kú ní 1945. Ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi dé Ìbàdàn ní 1954, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní kí ó wá bá àwọn ṣe ìwé tí ará ìlú lè yẹ̀ wò kí ó sì yé wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ìyá yìí ni pé kò kàn kó àmì Vienna wá fún wa. Ọkùnrin inú kóòtù kò lè dúró fún àgbẹ̀ oníkòkó, nítorí náà wọ́n tún aṣọ yà, wọ́n tún ilé yà. Otto máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ló ń pín ènìyàn níyà, àwòrán ló ń so wọ́n pọ̀. Èmi tí mo ti ya pátákó ní Mọ́kọ́lá títí irun fi funfun lórí mi, n kò gba èyí wọlé tán. Oníṣòwò oògùn òyìnbó kan ní kí n ya ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá sí iwájú ìsọ̀ òun, àmì àwọn dókítà ní gbogbo ayé. Mo yà á, ó dán. Ṣé ẹ mọ̀ pé oògùn ejò ni àwọn ènìyàn ń wọlé wá bèèrè? Ó ní kí n wá pa ejò òun rẹ́.

Ẹ fi ìwé náà sínú àpò ìwé, kì í ṣe nínú ọ̀rá, kí ikán má sì rí i. Yunifásítì Reading ní England ló ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn Neurath. Wọ́n mọyì irú rẹ̀.

Bàbá, àwọn ọmọ mi ní fóònù ló kọ́ ayé láti máa fi àmì ránṣẹ́ síra wọn. Báwo ni kí n ṣe dá wọn lóhùn? (Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní Peckham)

Ilé yín gan-an ni ìdáhùn wà. Ní 1887, ọ̀gbẹ́ni G. W. Bloxam kó àrokò kan, ìyẹn nǹkan tí a fi ń ránṣẹ́ láìkọ̀wé, jáde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní London, níbi tí ẹ̀yin náà wà báyìí. Ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fi ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹfà ni pé mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ sì ni a fi ń ro etí: etí rẹ nìkan ni ọwọ́ mi lè dé láti ibi tí mo wà yìí, máa bọ̀ kí a fojú rinjú. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n wá irú rẹ̀ nínú fóònù wọn.

Àmọ́ àrokò kì í ṣe ti gbogbo ayé bí Otto ṣe fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ló rí. Èyí tí ojú fúnra rẹ̀ lè kà náà wà o: owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé.

Kí ló dé tí àwòrán ṣì wà lórí ìwé ìdìbò nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀wé? (Oníṣòwò kan, Ìlaròó)

Àwọn bàbá wa kì í fi orúkọ gígùn pe ẹgbẹ́. Ọ̀pẹ ni Action Group, Àkùkọ ni NCNC. Ní 1993, Ẹṣin SDP la dìbò fún, tàbí ẹyẹ idì NRC. Ti mímọ̀wé tí ẹ wí, ní 2023 ẹgbẹ́ 18 ló dupò ààrẹ, mẹ́sàn-án nínú wọn ló sì fi A bẹ̀rẹ̀ orúkọ: AA, AAC, ADC, ADP, APC, APGA, APM, APP, àti Accord tí ó kọ A kan ṣoṣo. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá á ṣì wá ìgbálẹ̀, abùradà tàbí bàbá-ìyá-àtọmọ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka.