Dókítà, ṣé ẹni tó jẹ́ AS nílò oògùn ibà kó tó lọ sí Adágún Télé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìbarà ni mò ń gbé, l'Abẹ́òkúta níbí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ máa ń ya fọ́tò ẹranko fẹ́ lọ sí Adágún Télé ní Congo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. AS ni mí, ibà kì í sì í sábà mú mi. Ṣé mo ṣì nílò oògùn? Ṣé mo lè wẹ̀ nínú adágún náà?

Ìdáhùn: Ẹ nílò oògùn, kò sí àní-àní. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ná. Congo ti Brazzaville ni Télé wà, kì í ṣe ti Kinshasa, torí náà ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má lọ gba físà orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹkùn Likouala ni, nínú igbó irà tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti 2001. Impfondo ni bàálù ń dé. Ẹ ó wọ mọ́tò dé Épéna, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ lẹ ó sì fi rin ìyókù nínú àbàtà.

Ìrìn yẹn ló ń kọ mí lóminú ju ẹ̀fọn lọ. Bí ara yín bá gbóná lóru ní Ìbarà, ilẹ̀ kò ní mọ́ kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù Ìdí-Abà. Ní Télé, ó lè gba ọjọ́ kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa fa omi sí yín lára, bẹ́ẹ̀ ibà tó bá le kì í fún èèyàn lọ́jọ́ púpọ̀.

Òótọ́ ni pé AS ń dáàbò boni díẹ̀. Ọmọdé ló ń ṣe lóore jù: kì í sábà jẹ́ kí ibà wọn le débi tó máa pa wọ́n. Àmọ́ kò ní kí ibà má mú èèyàn. Mo ti tọ́jú AS tí ibà dá dùbúlẹ̀, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé ẹ̀mí lé e. Ẹ má sì gbára lé oògùn “Sunday-Sunday” tàwọn òbí wa ń lò. Kòkòrò ibà ti borí rẹ̀ tipẹ́. Ní ti àgbo, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó máa dènà ibà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí tí mo sábà máa ń kọ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni doxycycline 100 mg. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ máa lo ẹyọ kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àti omi púpọ̀, ẹ má sì dá a dúró títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á fi pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n délé, ara dá ṣáṣá, wọ́n pa oògùn tì. Ó máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara, torí náà ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó; bí obìnrin bá wà láàárín yín, kó wá rí mi lọ́tọ̀. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì olóògùn dání, ohun èlò àyẹ̀wò ibà tí wọ́n fi ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, àti artemether-lumefantrine, oògùn tó ń wo ibà, tó tó ọjọ́ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ara bá gbóná, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀ wá sílé. Ẹ má dúró wò ó títí di ọ̀la.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò ṣeé yẹ̀. Ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbéra, nítorí ìgbà yẹn ni yẹ́lò káàdì yín, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, tó máa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á rí, ti ayérayé ni.

Ní ti ìwẹ̀: ẹni tó bá dàgbà l'Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ ti gbọ́ nípa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ láwọn abúlé etí ìdídò Ọ̀yán. Àtọ̀sí ajá nìyẹn. Ara ìṣáwùrú ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń gba awọ ara wọlé. Ó wà ní Congo náà. Ẹ kò lè ṣàìrin nínú omi àbàtà, àmọ́ ìwẹ̀ ìgbádùn, ẹ fi sílẹ̀. Omi ibẹ̀ dúdú bíi tíì nítorí ewé tó rà sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tí ìdọ̀tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún.

Ẹ má fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́, pàápàá ọ̀bọ, ì báà kú, ì báà wà láàyè. Àrùn mpox, tó lè ti ara ẹranko ran èèyàn, ṣẹlẹ̀ ní Impfondo ní 2003. Ìnàkí pọ̀ ní àríwá Congo: ìṣirò tí wọ́n kéde ní 2008 lé ní 100,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò ni mo ń bá wí: ọ̀fìnkìn tiwa lè pa wọ́n. Ẹ má sún mọ́ wọn ju mítà méje lọ, kẹ́ ẹ wọ ìbòmú, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ dúró sí àgọ́.

Ohun kan tí kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, àmọ́ mi ò lè ṣàìsọ ọ́: àwọn ará abúlé Boha ló ni adágún náà látìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà wọn kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọn náà ló máa gbé yín jáde bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá kọ̀.

Bí ara yín bá gbóná nígbàkígbà láàárín oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí Congo kó tó béèrè. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ wá fún wa ní ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fún àyẹ̀wò àtọ̀sí ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe yín. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.