Kí ni wọ́n ń fi abọ́ Sèvres tí etí rẹ̀ wọnú-jáde ṣe?

Ẹnì kan béèrè pé láàárín àwọn àwo tánganran tí ilé iṣẹ́ Sèvres nílẹ̀ Faransé ṣe, tí àwọn ìjòyè ibẹ̀ fi ń jẹun láyé ọjọ́un, abọ́ gbọọrọ kan wà tí etí rẹ̀ wọnú, tó tún jáde, yíká. Ó ní ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i ni, àbí òdòdó?

Rárá o, ife wáìnì ni wọ́n ṣe é fún. Verrière ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á da omi àti yìnyín sí i, wọ́n á dojú ife dé sínú rẹ̀, ọrùn ife á wá há síbi tí etí abọ́ ti wọnú, ìdí rẹ̀ á wà lóde. Ibẹ̀ ni ife ti ń tutù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣàn án.

Ohun tó fà á nìyí, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí àwọn ọlọ́lá Faransé bá ń jàsè, wọ́n á to oúnjẹ kún orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ife kì í sí níbẹ̀. Ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ á ránṣẹ́ sí agbọ́tí, òun ni yóò gbé ife wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí yóò sì gbà á padà bí wọ́n bá ti mu tán. Àmọ́ níbi oúnjẹ alẹ́ tí Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ń jẹ pẹ̀lú àwọn tó sún mọ́ ọn, wọ́n máa ń ní kí àwọn ìránṣẹ́ bọ́ síta, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ fàlàlà. Kò wá sí agbọ́tí mọ́. Àwọn ìjòyè fúnra wọn ló ń bu wáìnì, nítorí náà abọ́ ife ní láti wà nítòsí wọn, kó sì lẹ́wà tó ohun tí ọba ń wò.

Ìlú Vincennes ni ilé iṣẹ́ Sèvres ti bẹ̀rẹ̀ ní 1740, ó kó lọ sí ìlú Sèvres ní 1756, ọba sì gbà á pátápátá ní 1759. Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, náà ránṣẹ́ síbẹ̀ ní 1776 fún àwo ọgọ́ta èèyàn, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London lè rí díẹ̀ lára wọn ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Wallace Collection, ọ̀fẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá rí irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Lẹ́tà L méjì tó kọjú síra, tó sì wọnú ara wọn, ni àmì ọba. Lẹ́tà tó bá wà láàárín wọn ló ń sọ ọdún, A dúró fún 1753. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ló ti ya àmì yẹn sídìí àwo tí kò dé Sèvres rí.