Ọmọ márùn-ún péré ló ń wá sí ìpàdé ọ̀dọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀yìn Òṣogbo níbí. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń ṣèpàdé, ọmọ márùn-ún péré ló ń wá, pásítọ̀ ń bínú. Ó ti sú mi.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ṣé o ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n máa ń wà ní Sátidé? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ́ṣẹ́, télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, Sátidé yẹn gan-an sì làwọn kọ́sítọ́mà máa ń wá gbaṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sọ́ńdè, ọ̀gá wo ló máa dá wọn sílẹ̀? Tó bá tún wá di oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun dé, àwọn tó ń tajà ò ní ráyè rárá. Gbé e sí Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, kí gàrí àti ẹ̀pà wà ńlẹ̀, torí ebi á ti máa pa wọ́n. Kó o sì máa yà kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá wọn náà mọ̀ ẹ́, èyí ló jẹ mí lógún jù. Ní ti pásítọ̀, mú àwọn márùn-ún yẹn lọ bá a, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.