Èsì: Ṣé ewé tó mú ṣúgà eku wálẹ̀ ti di oògùn àtọ̀gbẹ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé bí omi ewé kan bá ti mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku wálẹ̀ ní làábù, ṣé ó ti di oògùn àtọ̀gbẹ nìyẹn. Rárá o, ó ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe sọ eku náà di alátọ̀gbẹ. Kẹ́míkà ni wọ́n máa ń fún un, alloxan tàbí streptozotocin, tó ń ba ibi tí ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ti ń jáde nínú ara jẹ́. Ti alloxan yìí ló ń kọ mí lóminú jù, torí ara eku mìíràn a máa bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀wọ́ eku aláìsàn tí wọ́n fún ní omi lásán láti fi wé e, ewé á kàn gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún yẹ kí ọ̀wọ́ kan máa lo metformin tàbí glibenclamide, àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà ń kọ, láti fi wé ewé náà.

Ìwọ̀n ńkọ́? Bí eku bá gba mílígíráàmù 500 fún kílò kan, wọ́n sábà máa ń fi 6.2 pín iye náà láti mọ ìwọ̀n tó bá a dọ́gba fún èèyàn. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìyẹn tó gíráàmù 5.6. Kí ni yóò ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í dé.

Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé o. Ara ìwádìí lórí ewé Galega officinalis ni metformin ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n galegine, èròjà inú ewé náà, fúnra rẹ̀ lóró. Ní tiyín, ẹ ṣì máa lo oògùn tí dókítà kọ.