Àmàlà lójú àlá: kí ni Freud ì bá sọ?

Ìbéèrè: "Mo lálàá pé mo ń jẹ àmàlà nílé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Màmá mi ní wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ nìyẹn, kí n gbààwẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní Freud ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni Freud yìí ń sọ gan-an?"

Àbúrò yín ò parọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá jẹun lójú àlá, ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ la máa ń wá. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni Freud máa ń dojú kọ.

Dókítà ni Sigmund Freud nílùú Vienna. Ìwé rẹ̀ lórí àlá jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1899, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1900 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ̀dà 600 péré ni wọ́n tẹ̀, ọdún mẹ́jọ ló sì gbà kó tó tà tán. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ohun tọ́kàn ń fẹ́ ni àlá ń gbé fúnni. Anna ọmọ rẹ̀ ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Ó bì láàárọ̀, wọn ò fún un lóúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Olùtọ́jú rẹ̀ ní strawberry tó jẹ ló fà á. Lóru, ọmọ ń ké lójú oorun: ó dárúkọ ara rẹ̀, ó wá ń to oúnjẹ lọ bí ẹni ń ránni lọ́jà, strawberry sì ló ṣíwájú. (Nílé wa, wọn ì bá ti jí pásítọ̀.)

Ti àgbà ló le. Àgbà ní ohun tó ń fẹ́ tí kò lè jẹ́wọ́, kódà fún ara rẹ̀. Freud ní ó dà bíi pé oníbodè kan wà nínú ọkàn, kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá, àfi kó pa aṣọ dà. Èèyàn méjì á di ẹyọ kan. Ohun tó ká wa lára jù á fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ bí ohun yẹpẹrẹ.

Ẹ wo ìyàwó alápatà kan tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lálàá pé òun fẹ́ se àsè alẹ́, ẹja salmon yíyan díẹ̀ nìkan ló wà nílé. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni, ìsọ̀ ti tì, tẹlifóònù ò ṣiṣẹ́. Àsè fọ́. Ìfẹ́ ọkàn wo ló wá ṣẹ níbẹ̀? Freud ní kó máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí alápatà ọkọ rẹ̀ ń yìn ṣáá. Ọ̀rẹ́ yìí rí tín-ín-rín, obìnrin tó lẹ́ran lára sì lọkọ fẹ́ràn. Láìpẹ́ sígbà yẹn, ọ̀rẹ́ ọ̀hún ti ń béèrè ìgbà tí wọ́n tún máa pe òun wá jẹun, torí oúnjẹ ilé wọn dùn. Salmon yíyan ló sì fẹ́ràn jù. Freud ní ohun tí ìyàwó alápatà ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ nìyí: Kí n bọ́ ọ kó sanra, kó tún wu ọkọ mi sí i? Ẹ̀ẹ̀wọ̀!

Nítorí náà, Freud kì í kàn ṣí ìwé tó sọ pé ejò lójú àlá, ọ̀tá ni. Nínú àwọn àtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e, ó fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kún ìwé tirẹ̀ lọ́pọ̀, ibẹ̀ lèmi ò sì ti bá a lọ mọ́. Bí ẹ bá gbé àmàlà yín lọ bá a, á bi yín léèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tẹ́ ẹ sùn lálàá? Ta ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín jọ lójú yín? Ìgbà wo lẹ ti jẹun kẹ́yìn nílé rẹ̀, kí ló sì dé tẹ́ ò débẹ̀ mọ́?