Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ físà kẹ́ ẹ tó ronú pọ́ọ̀bù Dublin o

Bọ̀dá wa tó ní òun fẹ́ mú ìyàwó àtọmọ láti Manchester lọ Dublin ní wíkẹ́ẹ̀ńdì, tó ń bèèrè pọ́ọ̀bù, ìyẹn ilé ọtí, tí wọ́n ti ń kọrin ìbílẹ̀ Ireland lójúkojú àti aago tó yẹ kí wọ́n débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, pásípọ́ọ̀tù wo lẹ ń lò? Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tiwa ni, físà UK yín ò gbé yín dé Dublin o. Ọ̀tọ̀ ni físà Ireland. Ọmọ onílùú UK àti ti Ireland ló ń wọlé síra wọn fàlàlà, kì í ṣe àwa tá a kàn ń gbébẹ̀.

Inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí. Ẹ́jẹ̀ǹtì tó ní òun mọ ọ̀rọ̀ físà bí ẹní mowó ló sọ fún mi pé káàdì ìgbélùú UK ti tó. A dé káńtà ní eápọ́ọ̀tù, ọmọbìnrin ibẹ̀ ṣí pásípọ́ọ̀tù mi léwé-léwé, ó tún ṣí i padà látẹ̀yìn, ó ní físà Ireland dà? Èrò ti tò sẹ́yìn wa, ọmọ ń ké, wọ́n ní ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ, owó hòtẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ́jẹ̀ǹtì ò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí mo wá ní kí n gba físà Ireland bó ṣe yẹ, 60 yúrò fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ọ́fíìsì físà gbé pásípọ́ọ̀tù mi pa mọ́, mo fi sitétímẹ́ǹtì báńkì ránṣẹ́ wọ́n ní kò tó, mo fi lẹ́tà ibiṣẹ́ kún un, wọ́n tún ní kí n ṣàlàyé owó tí àbúrò mi san padà fún mi, ẹni tó dá mi lóhùn lónìí kọ́ ló ń dáhùn lọ́la, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa jáde. Kẹ́nikẹ́ni má tún tàn yín pé ẹ gba Belfast, ní Northern Ireland, wọ bọ́ọ̀sì lọ Dublin, àwọn ọlọ́pàá Ireland máa ń dá bọ́ọ̀sì yẹn dúró yẹ pásípọ́ọ̀tù wò.

Àmọ́ Belfast fúnra ẹ̀, UK ni, físà UK yín gbé e. Pọ́ọ̀bù Kelly's Cellars wà níbẹ̀ látọdún 1720.

Tẹ́ ẹ bá rí físà Ireland gbà, ẹ lọ pọ́ọ̀bù The Cobblestone ní Smithfield, ní Dublin. Ọdún 2021 ni wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì lé e lórí, àwọn ará ìlú tú jáde tìlù-tìfọn, ìjọba ìlú ò sì fọwọ́ sí i. O'Donoghue's ní Merrion Row náà dáa, ibẹ̀ ni The Dubliners, ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Ireland, ti bẹ̀rẹ̀. Temple Bar, àdúgbò tí àwọn àlejò máa ń rọ́ lọ, ọtí ibẹ̀ wọ́n jù.

Ẹ tètè débẹ̀ torí ọmọ o, òfin ni pé ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sí nínú pọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi láti May sí September tó jẹ́ mẹ́wàá. Àwọn olórin á jókòó yí tábìlì ká, gòjé, fèrè, àti bodhrán, ìlù kan báyìí tó jọ sákárà. Bí ìjókòó igun tí wọ́n ti ń ṣeré bá tiẹ̀ ṣófo, ẹ má jókòó síbẹ̀, tiwọn ni. Tẹ́nì kan bá ń dá kọrin, ẹ pa ẹnu mọ́, gbogbo ilé ló máa dákẹ́. Ẹ má lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí bíi ti òde àríyá o, ọtí ni kẹ́ ẹ rà fún wọn.

Guinness wọn ò le tó ti Nàìjíríà, 4.2% ni, tiwa 7.5%. Tí wọ́n bá bu ú dé ìdajì-lé tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ẹ má fà á o, wọ́n ṣì máa rọ ìyókù sí i.