Ẹ Bi Oníṣọ̀nà: Mo lẹ gbogbo ẹrù màámi mọ́ ère, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgékù aṣọ àti irin kòndẹ́mù ṣe ère, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Mo wá fẹ́ fi ère kan sọ ìtàn màámi tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, aránṣọ làwọn náà. Orí máṣíìnì wọn ni mo gbé kalẹ̀, mo wá lẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn, mo lẹ rílì òwú, tépù, sísọ́ọ̀sì, síìpù, Bíbélì wọn, fọ́tò wọn mẹ́rin, mo tún kọ "Ìyá ni wúrà" sí i lára. Gbogbo ẹni tó bá rí i á ní ó fáìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nípa màámi. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀, ó ń dùn mí ni, torí obìnrin yẹn jìyà, tó bá ti di oṣù kẹjọ tó ku díẹ̀ ká wọlé ìwé wọn kì í sùn, iná lántà ni wọ́n fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ mọ́jú, èmi ọmọ wọn á wá wọ ti èṣí lọ sílé ìwé.

Aránṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá. O ti sọ ìtàn yẹn tán o, ìdí lẹ́tà lo kàn gbé e sí, lẹ́yìn tó o ti ní ká má bínú. "Èmi ọmọ wọn á wá wọ ti èṣí." Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Ohun tó o lẹ pọ̀ yẹn, ẹrù màmá ẹ ni. Tí mo bá rí i mo máa mọ̀ pé aránṣọ ló ni ín, àmọ́ aránṣọ wo? Kò sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá tí kò ní tépù àti sísọ́ọ̀sì. Nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó di ìtàn, ṣebí tí ìjàpá bá kàn jókòó sílé ẹ̀ jẹ́ẹ́, ta ló máa dá àlọ́ ẹ̀. Fọ́tò mẹ́rin àti "Ìyá ni wúrà" yẹn ló tiẹ̀ ba nǹkan jẹ́ jù lójú tèmi, torí ẹni tó bá ti kà á á rò pé òun ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹsẹ̀ á yá.

Jẹ́ kí n sọ ti Romuald Hazoumè fún ẹ, ìran Yorùbá ni, Porto-Novo tá à ń pè ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1962, lórílẹ̀-èdè Benin. Kẹ́ẹ̀gì ló fi ń ṣe ojú èèyàn, ẹnu kẹ́ẹ̀gì á di ẹnu, ibi tá a fi ń gbé e á di imú. O mọ kẹ́ẹ̀gì tí mò ń wí, èyí táwọn tó ń fi ọ̀kadà kó bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin máa ń tò bí òkè sẹ́yìn. Wọ́n máa ń fi iná yan kẹ́ẹ̀gì yẹn kó lè wú kó gba epo sí i, wọ́n á máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí táá fi bẹ́. Hazoumè wá kó irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ tó lé ní 300, ó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe to ẹrú sínú ọkọ̀ òkun Brookes, ọkọ̀ òyìnbó Liverpool táwọn tó ń jà kí òwò ẹrú dópin ya àwòrán ẹ̀ káàkiri láyé ìgbà yẹn. Ó pe iṣẹ́ ọ̀hún ní La Bouche du Roi, èdè Faransé ni, ìyẹn Ẹnu Ọba. O máa gbọ́ ohùn èèyàn níbẹ̀, òórùn wà níbẹ̀, fídíò àwọn ọlọ́kadà yẹn náà ń lọ. Ní 2007 tó pé igba ọdún tí òfin gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n gbé e síta ní British Museum ní London.

Ibi tí mò ń lọ ni pé Hazoumè ò nílò kó kọ ìtàn sára kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ti jìyà kó tó dé ọwọ́ ẹ̀, wọ́n ti yan án, wọ́n ti rù ú kọjá agbára ẹ̀, ìgbà tó fẹ́ bẹ́ ni wọ́n jù ú nù. Nǹkan tó ti rí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ni kó o máa wá, kì í ṣe nǹkan tó kàn dúró fún un. Bíbélì yẹn dáa, ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa òru oṣù kẹjọ? Lántà ló mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ míì tún ni pé ère ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé "nígbà tó yá". Báwo ni wàá ṣe wá ki ọjọ́ àti oṣù bọ inú ẹ̀? Wo eégún tí aṣọ ẹ̀ wà ní ìpele ìpele, ìdílé á máa fi tuntun bo ti àtijọ́ lọ́dọọdún, o ò ní rí ti ìsàlẹ̀ àfi tó bá ń jó tó wá fò yí bírí, aṣọ á fẹ́ sókè, ìgbà yẹn ni ti bàbá-ńlá wọn á yọjú fìrí. Ìyẹn ni kó o jí lò. Kí nǹkan kan wà níwájú tí wọ́n á kọ́kọ́ rí, kí òmíràn sá pamọ́ tó jẹ́ ẹni tó bá yí po nìkan ló máa rí i.

Tó bá jẹ́ èmi, máṣíìnì yẹn nìkan ni màá ṣẹ́kù. Màá fi apá yúnífọ́ọ̀mù kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, kó rán an dé ààbọ̀ kó dúró síbẹ̀. Lántà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan gíláàsì ẹ̀ dúdú fún èéfín. Yúnífọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n ti ká, lórí ara wọn, kó ga ju máṣíìnì lọ. Àpótí ìjókòó, kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Lẹ́yìn òkìtì aṣọ yẹn, níbi tí wọn ò ti ní tètè rí i, yúnífọ́ọ̀mù kékeré kan tó ti ṣá á rọ̀ lórí ìṣó, wọ́n ti tú ìṣẹ́tí ẹ̀ kó lè gùn sí i, ìlà ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ dé lésìí ṣì hàn. Ìwọ tó o jẹ́ aránṣọ mọ ìlà yẹn dáadáa, kò sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Tí tìẹ gan-an bá ṣì wà nílé, òun ni kó o lò, má fọ̀ ọ́, má sì lọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe é bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́ o, ìwọ lo wà ńbẹ̀, wàá mọ ohun tí mi ò mọ̀. Tó o bá parí, pe ará àdúgbò kan wọlé, má sọ nǹkan kan fún un, má bi í bóyá ó dáa, bi í pé "kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" Ohun tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde ni ère ẹ ń sọ, kódà tí ìwọ bá rò pé òmíràn lo sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, igbá, pákó àti páànù ni mo fi ṣe ère ọlọ́dẹ kan, gọ́ọ̀mù olówó ńlá ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ọyẹ́ dé, ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, orí ọlọ́dẹ wà nílẹ̀ báyìí. Ṣé gọ́ọ̀mù yẹn ni féèkì ni?

Ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Gọ́ọ̀mù ò ṣẹ̀ ẹ́, ọyẹ́ ni. Igbá àti pákó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, wọ́n á tún wú nígbà òjò, páànù ò sì ní bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà gọ́ọ̀mù tó bá gan pa ló máa pín sí méjì. Dá ihò sí i, fi wáyà so ó, má fún un jù, kó ráyè mí. El Anatsui, oníṣọ̀nà tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì Nsukka, wáyà kọ́pà ló fi ń so ọmọrí ìgò ọtí pọ̀ di aṣọ gàgàrà tó bo ògiri. Tó bá di dandan kó o lẹ̀ ẹ́, fi sáńpépà ha ojú páànù náà kí gọ́ọ̀mù rí nǹkan dì mú. Símẹ́ǹtì náà kì í di irin dídán mú, wé wáyà olójú àwọ̀n mọ́ ọn kó o tó rẹ́ ẹ. Má sì ṣe sun ike nínú yàrá o, èéfín yẹn burú.

Má rò pé mò ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an fi kòkó tútù ṣe ère ìtàn bàbá bàbá mi nígbà kan, mi ò sá a kó gbẹ. Ọjọ́ tá a fẹ́ gbé e síta, ìdin ti ń rìn jáde ní imú bàbá. Àwọn kan rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó ilé ni mí, mo ń fi ìṣó, ìkòkò fífọ́ àti ilẹ̀kẹ̀ ṣe ère ìtàn Rúùtù àti Náómì. Ọkọ mi ní òrìṣà ni mò ń kó wọlé, pé kí n kó o jù nù. Ó wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ ti fi ìṣó ẹ̀ gún ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n sọ fún ọkọ mi?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ní 1947 àwọn fadá Kátólíìkì, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ni wọ́n kó jọ síbẹ̀ láti máa gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Lamidi Fakeye ará Ìlá Ọ̀ràngún kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dọ̀ George Bandele, Mùsùlùmí sì ni Fakeye, kò kúrò nínú ẹ̀sìn ẹ̀. Tí fadá bá lè gbà á sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá bàbá àwọn ọmọ náà á gbà á sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wí o, ẹ gbé e kúrò ní pálọ̀ lónìí, torí lórí ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà.